Ọ̀nà tí kò gba ọkọ̀, àbí ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà?

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń sọ lórí ìwé kékeré tí àbúrò wa ní Kàbà ń túmọ̀, èyí tó ń júwe àwọn ọ̀nà orí òkè ní Ítálì tí èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ gbà lórí òkúta wẹ́wẹ́ láìpàdé mọ́tò kankan. Ohun méjì ló bi wá: kí la ó máa pe ọ̀nà náà, kí la ó sì máa pe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún un? Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn ní kó kọ “ọ̀nà tí kò sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ”, àwọn mẹ́ta sì ti kín wọn lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, n kò gbà.

Ọkọ̀ tó tò jọ tí kò lè lọ là ń pè ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Níbi tí kò bá ti sí, eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá níbẹ̀. Ẹ wá dúró sẹ́bàá ọ̀nà Kàbà sí Ọbájánà láàárọ̀ kùtù kí ẹ wò ó: tírélà sìmẹ́ńtì á máa kọjá fìà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà lórí yín. Kò sí sún-kẹrẹ níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá torí ohun tó kà nínú ìwé wa gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, àwa la rán an níṣẹ́ ikú. Àní sún-kẹrẹ gan-an ló ń gbe ẹlẹ́kẹ̀ẹ́. Òun nìkan ló ń rí àyè yọ láàárín àwọn ọkọ̀ tó há.

Ẹlòmíràn mú “ọ̀nà aláìlọ́kọ̀” wá. Tí àmì bá wà lórí rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù? Mo kọ “ona alailoko” ránṣẹ́ sí ìyàwó mi láìfi àmì kankan sí i, mo ní kó sọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó ní, “Ta ni kò tíì rí ọkọ fẹ́?” Mo ní ọ̀nà ni. Ó ní ṣé ọ̀nà náà ń wá ọkọ ni. Àbúrò mi gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ka oko sí i: ọ̀nà tí kò ní oko. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, oko, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní tí a bá ti bọ́ àmì kúrò lára wọn. Ti oko yẹn ló sì burú jù, nítorí pé oko gan-an ni àwọn ọ̀nà tí mọ́tò kì í dé lọ́dọ̀ tiwa ń lọ.

Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń rin ọ̀nà náà nìyí. Ní Ọ̀gìdì, níbi tí àpáta yí ìlú ká, tí o bá gbé mọ́tò dé, tí o béèrè ọ̀nà oko kan, wọ́n á ní, “Ibẹ̀ ò gba ọkọ̀ o.” Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àwa la ń wá a kiri. Àmọ́ ẹ wo “gbà” yẹn dáadáa, ojú méjì ló ní. Ọ̀nà lè má gba ọkọ̀: ó há, àpáta dí i, mọ́tò ò lè wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà sì lè má gba ọ̀nà: ọ̀nà fẹ̀, ó tẹ́jú, òfin ló ní kí mọ́tò má tọ̀ ọ́. Èyí èkejì ni ìwé Ítálì ń wí. Láàárín Dobbiaco àti Calalzo, ní àwọn òkè Dolomiti, ojú irin wà níbẹ̀ láti 1921 títí di 1964. Nígbà tí wọ́n pa rélùwéè náà tì, ojú ọ̀nà rẹ̀ di ti ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀. Rélùwéè kì í lè gun òkè gànngàn, nítorí náà wọ́n ti bá a rọ òkè náà sílẹ̀, ó ń gùn díẹ̀díẹ̀ láìda ẹnikẹ́ni láàmú. Mọ́tò ì bá wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́ ká ní wọ́n fún un láyè.

Èrò tèmi ni pé kí àbúrò wa kọ “ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà” fún tiwọn, kó sì fi “ọ̀nà tí kò gba ọkọ̀” sílẹ̀ fún tiwa. Ẹnì kan ti gé e kúrú sí “àìgbọkọ̀”. Ó dùn lẹ́nu, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé ìyàtọ̀ méjèèjì mì.

Ọ̀kadà ńkọ́? Ọ̀nà tí kò gba ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa ń gba ọ̀kadà dáadáa, kò sì sẹ́ni tó rí i bí irọ́, torí pé wíwọ̀ là ń wọ ọkọ̀, gígùn là ń gun ọ̀kadà, bí a ṣe ń gun ẹṣin àti kẹ̀kẹ́. Ní Ítálì, alùpùpù náà ò gbọdọ̀ débẹ̀. Kó yáa fi alùpùpù kún un kedere.

Ní ti “ọ̀nà tó dá” tí ẹnì kan mú wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e tì. Láyé ìsinsìnyí, tí wọ́n bá ní ọ̀nà kan dá ní apá ọ̀dọ̀ wa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí o má gbà á nítorí àwọn ajínigbé.

Ó ku kẹ̀kẹ́. “Kẹ̀kẹ́ olókùúta” ń dún bíi kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń ta òkúta fún bíríkìlà. “Kẹ̀kẹ́ oníyangí” sàn díẹ̀, àmọ́ yangí Èṣù ni àwọn àgbà á kọ́kọ́ rántí, wọ́n á sì máa wò ó bóyá epo wà lórí rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, pupa ni yangí, ilẹ̀ tiwa ni. Ní Tuscany, “àwọn ọ̀nà funfun” ni àwọn ará Ítálì ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ìdíje kẹ̀kẹ́ kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn sì ti ń parí sí ìlú Siena láti 2007. Kì í ṣe yangí nìyẹn.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ká bí ìwo àgbò, bíi ti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lórí títì. Táyà ló yà á sọ́tọ̀: ti orí títì kì í sábà ju 25 sí 32 mílímítà lọ ní fífẹ̀, tirẹ̀ máa ń tó 40 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í fún un ní afẹ́fẹ́ púpọ̀, kó lè máa fara mọ́ òkúta. “Kẹ̀kẹ́ ọ̀nà oko” ni màá pè é. Bàbá mi ò ní irú rẹ̀, Raleigh onírin ló ní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Agégẹdú ló la ọ̀nà oko wa. Ipa táyà méjì ló kù níbẹ̀, ó pupa fòò, koríko hù sáàárín. Bàbá á fi túùbù tó ti já di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á tọ ipa apá ọ̀tún, torí pé ti òsì ti di ojú àgbàrá. Tí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì í, yangí á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ táyà.

Koríko àárín yẹn ni mo fẹ́ bi yín léèrè. Ìwé Ítálì dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò wa sì ti fò ó. Ẹ̀yin ará Yàgbà àti Bùnú, kí lẹ ń pè é nílé?