Eyín iwájú méjì: ṣé kí wọ́n ri irin ìmpláǹtì lọ́jọ́ kan náà, àbí kí n dúró?

Tíṣà Yábà: Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, dánfó ṣí kí n tó sọ̀kalẹ̀ tán ní Ojúẹlẹ́gba, mo sì fi ẹnu gbálẹ̀. Eyín iwájú òkè kan já bọ́, n kò rí i mọ́. Ìkejì kán mọ́ erìgì, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú. Láti ìgbà náà, bí mo bá pe "f" fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde.

Dókítà kan ní ìsọdá afárá, ní Èkó, ní òun á yọ gbòǹgbò náà, òun á ri ìmpláǹtì méjèèjì, ìyẹn irin tí wọ́n ń rì sínú egungun kó lè di eyín àtọwọ́dá mú, òun á sì gbé eyín lé wọn lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó wà ní Súrùlérè ní kí wọ́n yọ gbòǹgbò, kí n dúró oṣù méjì kí wọ́n tó ri irin, kí n tún dúró oṣù mẹ́ta kí eyín tó gorí rẹ̀. Ìgbéyàwó àbúrò mi ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Owó àjọ ni mo fẹ́ ná, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe tèmi. Kò dùn mí rárá, ni mo bá gbàgbé ìkìlọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo gé àgbàdo sísè. Irin náà mì, wọ́n yọ ọ́, mo sì ná owó lẹ́ẹ̀mejì. Dúró.

Dókítà Eyín, Ìdí-Àràbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Àwọn méjèèjì kò purọ́ fún yín. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀: ìgbà wo ni irin wọlé, ìgbà wo ni eyín gorí rẹ̀?

Egungun tó wà níwájú gbòǹgbò eyín òkè tín-ín-rín gan-an, nígbà mìíràn kò tó mìlímítà kan. Bí eyín bá ti kúrò, ó ń yọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ jókòó ọdún kan. Ihò èyí tó já ti ń san. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ, erìgì á ti pa dé, àkókò tó dára nìyẹn.

Ní ti gbígbé eyín lé e kíá, irin náà gbọ́dọ̀ le dáadáa nígbà tí wọ́n ń rì í. Ọ̀pọ̀ wa ń wo 35 Ncm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí irin náà wọlé. Eyín náà kò sì gbọdọ̀ kan ti ìsàlẹ̀ bí ẹ bá pa ẹnu dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Ìbejì nìyí: egungun àtijọ́ ló kọ́kọ́ ń di irin mú, òun náà á sì máa dẹ̀ kí tuntun tó dì, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin. Bí irin bá ń mì nígbà náà, ẹran ló máa yí i ká dípò egungun. Sìgá àti àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú tún ń ba nǹkan jẹ́.

Ẹ ya àwòrán CT, èyí tó ń fi egungun inú hàn, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Àǹtí, ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ lé yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi lo tèmi kí irin tó mú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú fọ́tò. Kó ṣáà má tẹ ojú ọgbẹ́.

Tíṣà Yábà: Ẹ ṣé gan-an. Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa lọ ya àwòrán. Dókítà, mo gbàgbé láti sọ: òkè èyí tó kán wú, ọyún díẹ̀ ń jáde níbẹ̀.

Dókítà Eyín, Ìdí-Àràbà: Ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé. Ẹ lọ lọ́la. Èmi ò ní ri irin síbi tí ọyún wà lọ́jọ́ tí mo bá yọ gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fọ ibẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì wọn ẹnu yín fún eyín tó ṣeé yọ. Bí ojú bá wú tàbí ara gbóná lóru òní, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.