Títún mọ́tò ṣe nílé: kí ni kí n kọ́kọ́ rà kí n má baà fara pa?

Akọ́ṣẹ́Sípánà:

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara mi ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké lára mọ́tò mi nílé: pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, páàdì bíréèkì, bátìrì, àti ṣọ́ọ̀kì iwájú tó bá yá. Ilẹ̀ kọnkéré ni mo ní, àmọ́ ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Irinṣẹ́ mi kò ju jáàkì tó bá mọ́tò wá àti àpótí sípánà kan lọ.

Nínú gbogbo ohun ìdáàbòbò tí wọ́n ń tà, èwo ni dandan, èwo ló ṣì lè dúró? Ṣé ibọ̀wọ́ aláwọ dára ju ti rọ́bà lọ? Ṣé ìbòmú tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣègùn ń lò tó fún eruku bíréèkì? Tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, kí ni mo kọ́kọ́ máa ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ṣáà máa ṣọ́ra. Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe gan-an fún mi.

Ọ̀gáAbẹ́Mọ́tò:

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lo ti bẹ̀rẹ̀. Owó tó bá kọ́kọ́ wọlé, jáàkì stáńdì (ẹsẹ̀ irin tó ń di mọ́tò mú lókè) méjì ni kí o fi rà, kí o tó ronú kan ibọ̀wọ́.

Jáàkì tó bá mọ́tò wá, pípààrọ̀ táyà nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí rẹ̀ kéré. Bí mọ́tò bá yẹ̀ díẹ̀, ó ti dojú dé. Èyí tó ń lo ọ́ìlì náà kò sàn jù ú lọ fún wíwọ abẹ́ mọ́tò, torí rọ́bà kékeré kan ló ń dá ọ́ìlì inú rẹ̀ dúró. Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá ya, jáàkì á wálẹ̀ láìkìlọ̀. Jáàkì ló ń gbé mọ́tò sókè, stáńdì ló ń dì í mú.

Stáńdì tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù 3 sí lára tó fún mọ́tò kékeré. Kà á dáadáa, torí àwọn mìíràn ń kọ agbára méjèèjì pọ̀, àwọn mìíràn ń kọ ti ẹyọ kan.

Ní ti ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ yẹn, má ṣe é níbẹ̀ rárá. Gbé mọ́tò lọ síbi tó tẹ́jú. Wo ìdí rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ọwọ́ ń mú. P (ti jíà ọ̀tọ́mátíìkì) tàbí jíà kìíní sì ń mú kìkì táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, èyí tó jẹ́ ti iwájú nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Tí o bá jáàkì ẹ̀yìn sókè, bíréèkì ọwọ́ kò di nǹkan kan mú mọ́. Tí o bá jáàkì iwájú, P náà ti di òfo. Wẹ́ẹ̀jì, ìyẹn igi tàbí rọ́bà tí wọ́n fi ń há táyà, ló máa bá ọ dá mọ́tò dúró. Fi há iwájú àti ẹ̀yìn táyà tó ṣẹ́ kù nílẹ̀.

Tú nọ́ọ̀tì táyà ní ìlàjì yípo nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ojú ibi tí ìwé mọ́tò bá júwe ni kí o ti jáàkì. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, ibẹ̀ ni etí irin abẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n gé àmì méjì sí. Gbé stáńdì sábẹ́ ojú ibi tó lágbára tàbí sábẹ́ férémù tó gbé ẹ́ńjìnnì. Má gbé e sábẹ́ àwo ọ́ìlì, má gbé e sábẹ́ pẹpẹ irin ilẹ̀ mọ́tò, má sì gbé e sábẹ́ ọ̀pá ìdarí táyà. Mú méjèèjì ga dọ́gba, wò ó pé eyín tó dì wọ́n ti wọlé tán, kí o wá sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹrù fi jókòó sórí wọn. Kí o tó wọ abẹ́ rẹ̀, fi èjìká ti mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn, tì í gidi. Bó bá máa ṣubú, kó yáa ṣubú nígbà tí ìwọ ṣì wà níta. Gbé táyà tí o bọ́ sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, kí jáàkì náà sì máa fara kàn án díẹ̀, kó ṣe àfikún.

Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe stáńdì. Kì í tẹ̀ kó tó fọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń fọ́. Lórí iyẹ̀pẹ̀ tàbí ọ̀dà títì tí oòrùn ti mú rọ̀, tẹ́ pákó pẹ́líwúùdù tó nípọn tó mìlímítà 18 sábẹ́ stáńdì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà rì.

Nọ́ọ̀tì10:

Mo gbè sẹ́yìn ọ̀gá. Ojú ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ojú rẹ̀ gan-an ni ìpáàrà àti iyanrìn ń já bọ́ sí. Awò ìkàwé kò gba ojú lọ́wọ́ ohun kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ wá awò tí wọ́n tẹ Z87 tàbí EN 166 (àmì awò ìdáàbòbò ojú) sí lára. Fún abẹ́ mọ́tò àti omi bátìrì, èyí tó lẹ̀ mọ́ ojú yíká ló dára, tí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní ìdérí. Tí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ tó ń gé irin, ẹ fi ìbojú ńlá kún awò náà. Ìbojú nìkan kò tó, torí ìtapara irin máa ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ibọ̀wọ́ aláwọ àti ti rọ́bà, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Fún ọ́ìlì, gíríìsì àti omi bíréèkì, nitrile (irú rọ́bà tó ń gba ọ́ìlì dúró) ni kí ẹ rà, kì í ṣe latex (rọ́bà lásán), torí ọ́ìlì àti bẹtiróòlù máa ń mú latex wú, á sì ya. Ẹ wá èyí tó nípọn tó mil 5 sí 8 (mil kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 íǹṣì, kì í ṣe mìlímítà). Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ ní àwọn èròjà tí epo tó jó ń fi sílẹ̀ nínú, tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara bó bá ń kan ara léraléra fún ọdún púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí àkísà ọ́ìlì kò fi gbọdọ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò. Nitrile náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: omi ìfọ bíréèkì lè gbà á kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá ti rin ín, ẹ bọ́ ọ dànù, ẹ wọ òmíràn. Ibọ̀wọ́ aláwọ wúlò fún ẹ̀gúsọ́ọ̀sì àti irin tó mú. Bí ọ́ìlì bá ti wọnú rẹ̀, ara ló ń fi ọ́ìlì náà lẹ̀ mọ́.

Ìka ọwọ́ tó ń bó, ọ̀nà tí ẹ ń gbà tú nọ́ọ̀tì ló ń fà á ju àìwọ ibọ̀wọ́ lọ. Ẹ máa fa sípánà sọ́dọ̀ yín. Bó bá di dandan kí ẹ tì í, àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi tì í pẹ̀lú ọwọ́ ní ṣíṣí. Sókẹ́ẹ̀tì onígun 6 kì í tètè yọ̀ lórí nọ́ọ̀tì bíi ti onígun 12. Ẹ má fi sókẹ́ẹ̀tì tó ń dán sí ẹnu ẹ̀rọ ìtúnọ́ọ̀tì, ó lè fọ́ kó sì ta. Àwọn dúdú tó nípọn ni wọ́n ṣe fún un.

Ìbòmú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò tó. Fún eruku lásán, ìbòmú tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí ni kó kéré jù, àmọ́ fún páàdì àtijọ́, P100 tàbí FFP3 ni, torí ó lè ní asbestos (okùn òkúta tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́). Ẹ má fẹ́ eruku bíréèkì, yálà pẹ̀lú ẹnu tàbí pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ín, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá. Ìbòmú eruku kì í dá òórùn kẹ́míkà dúró o. Ìyẹn nílò èyí tó ní àgọ́lọ̀ èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀dà mọ́tò tí wọ́n ń pò mọ́ èròjà tó ń mú un le ní isocyanate (kẹ́míkà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) nínú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ní ìbojú tí afẹ́fẹ́ tútù ń gba páìpù wọ̀.

WáyàÀtiIná:

Ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀ kúrò nínú ohun tí Nọ́ọ̀tì10 sọ. Àwọn ibi kan wà tí ibọ̀wọ́ aṣọ tàbí aláwọ ti ń ṣe ìpalára. Bẹ́líìtì tó ń yí, ẹ̀rọ tó ń lu ihò, búrọ́ọ̀ṣì wáyà tí ẹ̀rọ ń yí: tí okùn ibọ̀wọ́ bá há síbẹ̀, ọwọ́ náà á tẹ̀ lé e. Nitrile tẹ́ẹ́rẹ́ á ya ní tiẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ aago, ẹ di irun, kí apá ẹ̀wù má sì máa fì. Fáànù oníná lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹ yọ wáyà rẹ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ ibẹ̀.

Bátìrì: orí odì (−) ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Irin ara mọ́tò lápapọ̀ ló so mọ́ odì. Tó bá jẹ́ orí (+) lẹ kọ́kọ́ ń tú, tí sípánà sì fara kan irin mọ́tò, iná á gba inú sípánà náà kọjá lẹ́ẹ̀kan, á pọ́n, òrùka ọwọ́ yín lè yọ́ mọ́ ìka. Bátìrì tó ń gba iná ń tú gáàsì hydrogen, èyí tó lè bú gbàù bó bá ti tó ìdá 4 nínú 100 nínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí orí wáyà tó kẹ́yìn, nígbà tí ẹ bá ń yá iná láti ara bátìrì mìíràn, fi gbọdọ̀ wà lára irin ẹ́ńjìnnì tó jìnnà sí bátìrì.

Rédíétọ̀: ìtẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi hó, bó tilẹ̀ ti gbóná ju 100°C lọ. Ẹ ṣí ìdérí, ìtẹ̀ lọ, omi hó lójú ẹsẹ̀, ó tú sójú yín. Ẹ dúró títí ẹ ó fi lè di páìpù òkè mú láì jẹ́ pé ó ń ta yín lọ́wọ́.

Mọ́tò onídísù: ìtẹ̀ nínú páìpù abẹ́rẹ́ epo máa ń kọjá 1,000 bar. Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò. Páálí ni kí ẹ fi wá a, lẹ́yìn tí ẹ ti wọ awò.

Ẹ̀rọ tó ń gé irin: iye yípo tí wọ́n kọ sí ara àwo gbọ́dọ̀ tó ti ẹ̀rọ tàbí kó jù ú lọ. Ẹ má yọ ìbò rẹ̀ kúrò, ẹ má sì fi àwo ìgé tẹ́ẹ́rẹ́ lọ irin. Ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tó pa dé. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, kò ní òórùn, orí fífọ́ àti èébì ni àmì àkọ́kọ́.

Ìtọ́júPàjáwìrì:

Apá tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn.

Bí iná, omi gbígbóná tàbí ẹ̀gúsọ́ọ̀sì bá jó yín: omi tútù tó ń ṣàn, kì í ṣe yìnyín, fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ bọ́ òrùka kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, òróró tàbí ẹyin pa á.

Bí omi bátìrì bá ta sí ojú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi mímọ́ ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kí ẹ la ìpéǹpéjú sílẹ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Baking soda dára fún èyí tó dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sára irin. Kò gbọ́dọ̀ dé ojú.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni ti epo dísù tàbí gíríìsì tó fi ìtẹ̀ gún awọ wọlé. Ojú ihò náà á kéré bí ìgúnlábẹ́rẹ́, ó lè má tilẹ̀ dun yín. Ẹ má dúró kó wú. Ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn, kí ẹ sì sọ fún dókítà ní kedere pé epo ló gba ìtẹ̀ wọlé, torí iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń gba ọwọ́ náà là.

Bí ẹnì kan bá gbé bẹtiróòlù mì nígbà tó ń fi ẹnu fà á, ẹ má mú un bì. Ohun tó ń pa ni èyí tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ. Fún ọgbẹ́ tó jìn tó sì ní ìdọ̀tí, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́táńọ́ọ̀sì bí ó bá ti ju ọdún 5 lọ tí ẹ gba èyí tó kẹ́yìn. Kí garawa omi mímọ́ àti ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun ABC máa wà nítòsí, kí ó má ṣe wà lẹ́yìn mọ́tò tó lè máa jó.

Akọ́ṣẹ́Sípánà:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Stáńdì, wẹ́ẹ̀jì, awò àti nitrile ni mo máa kọ́kọ́ rà. Ṣọ́ọ̀kì iwájú wá ńkọ́? Mo rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ sípíríńgì mọ́ra, kò dà bí ohun tó le.

Ọ̀gáAbẹ́Mọ́tò:

Iṣẹ́ yẹn ni mo bẹ̀rù jù fún ọ nínú gbogbo èyí tí o kà sílẹ̀. Agbára tó ń gbé iwájú mọ́tò ló wà nínú sípíríńgì yẹn. Bó bá tú lójijì, ó lè fọ́ àgbọ̀n tàbí agbárí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o ra ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ti to sípíríńgì àti ìjókòó òkè mọ́ látilé iṣẹ́. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti ṣọ́ọ̀kì nìkan lọ, ṣùgbọ́n o kò ní fọwọ́ kan sípíríńgì rárá.

Bí o bá máa tẹ̀ ẹ́ dandan, ẹ̀rọ ìtẹ̀ méjì ni, kí wọ́n kọjú síra wọn gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíríńgì. Fi gíríìsì sí òwú ìyí wọn (ìlà yíyípo ara irin tí nọ́ọ̀tì ń gbà). Fi ọwọ́ yí ọ̀kan ní ìgbà méjì, kí o bọ́ sí èkejì, má fi ẹ̀rọ ìtúnọ́ọ̀tì yí i, torí á mú òwú náà gbóná, á sì jẹ ẹ́. Orí ṣọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ kọjú sí ọ tàbí sí ẹnikẹ́ni.

Èyí tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sábà ń ṣì ṣe nìyí: tí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, o máa rí nọ́ọ̀tì kéékèèké, mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, yí ńlá kan ká láàárín. Àwọn kéékèèké ni wọ́n so ṣọ́ọ̀kì mọ́ mọ́tò, àwọn lo máa tú. Ńlá àárín ló di sípíríńgì mú. Má kàn án títí ṣọ́ọ̀kì yóò fi wà nílẹ̀, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀ méjèèjì ti mú un mọ́ra, tí sípíríńgì sì ti ń mì lọ́ọ̀lọ́ọ̀ lórí ìjókòó rẹ̀.