Ìbọn airsoft oníbátìrì mi ń há ọta: ṣé kí n fi sípíríǹgì líle sí i?

TáíwòYábàá: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ. Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní ìbọn airsoft oníbátìrì kan, ìyẹn ìbọn eré tó ń yin ọta ike, tí wọ́n ṣe bí ìbọn ológun M4. Ọta oníke 0.20 gíráàmù ni mò ń lò. Láti bí oṣù méjì, ọta kì í lọ tààrà mọ́, nígbà mìíràn yóò há sínú. Mo ti ń wo sípíríǹgì líle kan tí wọ́n ń pè ní M120, kí ọta lè jìnnà sí i. Kí lẹ rí sí i?

BàbáGíà_Múṣin: Àbúrò, fi M120 sílẹ̀. Kì í ṣe àìlágbára ló ń dà á láàmú. Mọ́tò ló ń yí gíà, gíà ló ń fa písítìnì sẹ́yìn tí sípíríǹgì fi ń ká jọ. Bó bá ti jù ú sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti ọta jáde. Bí sípíríǹgì bá ṣe le tó ni ìyà tó ń jẹ gbogbo wọn ṣe ń pọ̀ tó. Mo ti ṣe é rí. Kí oṣù tó parí, eyín písítìnì mi ti ká, gíabọ́ọ̀sì, ìyẹn àpótí tí gíà wà nínú rẹ̀, sì là níwájú, níbi tí version 2, irú gíabọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀ nínú M4, ti máa ń là gan-an. Rọ́bà hop-up ni kí o kọ́kọ́ wò. Òun ló ń mú kí ọta máa yí sẹ́yìn bó ti ń jáde, kó lè léfòó lọ jìnnà. Tó bá ti ya, tàbí tí òróró ti kàn án, kò sí sípíríǹgì tó lè bá a tún un ṣe. Fi aṣọ gbígbẹ nu ọ̀pá inú tí ọta ń gbà jáde, kí o sì bọ́ sórí ọta 0.25 tó dán, tí kò ní ìlà lára. Ọta oníìlà ló sábà máa ń há.

TáíwòYábàá: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ó tún ń han gooro tí mo bá yìn ín.

BàbáGíà_Múṣin: Ààyè àárín gíà ni kò dọ́gba. Wọ́ṣà tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń tún un tò, pẹ̀lú gíríìsì díẹ̀. Má kánjú níbẹ̀ o.

ÌyáÌbejì_Ìkẹjà: Ti iná ni tèmi. Bátìrì LiPo (irú lítíọ́mù) 7.4V tó ọ. 11.1V láìsí MOSFET, ìyẹn súwíìṣì kékeré tó ń gba agbára iná dípò ohun ìyìn, yóò jó irin kékeré tó wà lẹ́yìn ohun ìyìn. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village lè fi lẹ́ẹ̀dì jó MOSFET mọ́ ọn fún ọ. Má jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kan lọ sísàlẹ̀ 3.0V, má fi bátìrì sínú ọkọ̀ nínú oòrùn Èkó yìí, má sì fi í sórí ṣájà kí o sùn lọ.

Ìsàlẹ̀Èkó_07: Ará, ìwé ńkọ́? Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tó ń gba ìwé àṣẹ. Lọ béèrè lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí o tó ná kọ́bọ̀ kan sí i. Ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ rẹ lórí Third Mainland kò ní mọ̀ pé ike ló ń yìn.

TáíwòYábàá: Mo tú u lálẹ́ àná. Rọ́bà náà ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan! Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, ó di ẹ̀yìn tí mo bá dé àgọ́ ọlọ́pàá.