Òórùn fọ́ọ̀sì nínú balùwẹ̀: níbo ni omi sífọ̀n gbà lọ?

Ará Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ọyẹ́ o. Kí ẹ tó ra ohun olóòórùn dídùn dà sílẹ̀, ẹ wo sífọ̀n ná. Òun ni páìpù tó tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ ihò omi. Omi tó dúró sínú rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ló ń dí ọ̀nà mọ́ òórùn fọ́ọ̀sì, ìyẹn kòtò tí ẹ̀gbin ilé ń lọ sí. Bó bá gbẹ, fọ́ọ̀sì àti balùwẹ̀ di yàrá kan ṣoṣo. Ihò ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í da omi sí ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ da omi lítà 2 sí i, kí ẹ padà wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí òórùn bá ti lọ, ẹ ti rí i. Òróró ìsebẹ̀ ṣíbí 2 lórí omi náà kì í jẹ́ kó tètè fà.

Ọmọ Kétu:
Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ bí omi bá tún pòórá lọ́jọ́ kan náà, ẹ má di ẹ̀bi ru ọyẹ́. Irun tó rọ̀ mọ́ etí sífọ̀n máa ń fa omi lọ díẹ̀díẹ̀, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Wáyà tí ẹ tẹ̀ lẹ́nu yóò gbé e jáde. Bí ihò ilẹ̀ bá sì ń dún gbùlùgbùlù nígbà tí ẹ da omi sí W.C., afẹ́fẹ́ ni kò wọlé: omi tó ń já lọ ló ń fa ti sífọ̀n tẹ̀lé ara rẹ̀. Páìpù atẹ́gùn ni kí ẹ fi sí i. Kó yọ lára páìpù ẹ̀gbin oní mìlímítà 100, kó kọjá páànù òrùlé, kó jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu rẹ̀. Àwọn mọlémọlé kan máa ń gé e mọ́ abẹ́ páànù. Iṣẹ́ òfo!

Ará Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ ti gbàgbé ìdí W.C. Ẹ jókòó lé e, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì, rọ́bà tó so ó mọ́ páìpù lè ti bàjẹ́. Ẹ tú u, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ pààrọ̀ rọ́bà, kí ẹ wá fún bóòtù ọ̀tún àti tòsì ní déédéé. Àfúnjù a máa la ìdí rẹ̀. Ẹ fi sìlíkọ́nì, lẹ́ẹ̀ tí omi kì í gbà kọjá, yí ìdí rẹ̀ ká, kó gbẹ fún wákàtí 24 kí ẹnikẹ́ni tó lo W.C. Ṣìmẹ́ńtì kọ́: yóò sán, ìgbà tí ẹ bá sì fẹ́ tú u, ẹ ó fọ́ W.C. ni.

Ará Àjàṣẹ́:
Ní tiwa létí ọ̀sà, bí gbogbo ihò bá ń rùn pọ̀ nígbà òjò, tí omi W.C. sì ń lọ́ra, fọ́ọ̀sì ló kún. Ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin ni kí ẹ pè. Ẹnikẹ́ni má wọ inú fọ́ọ̀sì, ẹ má sì fi iná wò ó. Gáàsì ibẹ̀ ń pani, òmíràn sì ń gbaná. Jáfẹ̀ẹ́lì, omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, bí ẹ bá ń dà á sí i lójoojúmọ́, ń pa kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀gbin níbẹ̀. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì láéláé, èéfín olóró ló ń mú jáde.

Ọmọ Kétu:
Ìdagẹ̀rẹ̀ páìpù ńkọ́?

Ará Ṣábẹ̀ẹ́:
Sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan.