Ilé oúnjẹ wo ni a lè kó ìbejì ọmọ ọdún méjì lọ ní Èkó?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi, ìyá ọkọ mi àti àwọn ìbejì mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì ń bọ̀ ní Èkó fún ọjọ́ mẹ́rin. Rélùwéè ni a máa wọ̀ láti Mọ́níyà, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson, nítorí Yábà ni ibi tí a máa dé sí wà. Táíwò kì í fẹnu kan ata rárá, Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ kì í jókòó tó ìṣẹ́jú márùn-ún lójú kan. Mo ń wá ilé oúnjẹ tí a ti lè jẹun láìsí pé a ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó jókòó nítòsí wa, tí iye rẹ̀ kò sì ní ga jù wá lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìmọ̀ràn yín?

Ará Ìkẹjà

Ẹ káàbọ̀ sílẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn kò ní fi ebi sùn ní Èkó. Ibi tí mo máa ń kó àwọn ọmọ tèmi lọ ni Ikeja City Mall, ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ṣí ní Aláúsá ní ọdún 2011. Kì í ṣe pé oúnjẹ ibẹ̀ dùn ju ti ibòmíràn lọ, àmọ́ ilé oúnjẹ pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà, ilẹ̀ tẹ́jú, ọmọ tó bá sì ti yó lè máa rìn kiri lẹ́yìn bàbá rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń jẹun lọ́wọ́. Láti Yábà, ẹ lè wọ rélùwéè Red Line dé Ìkẹjà, kí ẹ sì wá mọ́tò dé Aláúsá. Ẹ ra káàdì Cowry sílẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ náà. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀ṣì bá túká, ẹ má wulẹ̀ dá a lábàá: ìlà ibi adìyẹ díndín nìkan gùn tó kí ọmọ sùn lé e lórí, kí ó jí, kí ó sì tún sunkún.

Olóbẹ̀

Ọ̀rọ̀ ata Táíwò ni mo fẹ́ dáhùn. Bí ẹ bá bi ẹni tó ń bu oúnjẹ pé ṣé ọbẹ̀ yìí ta, yóò ní kò ta, kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́, lẹ́nu tirẹ̀ kò ta lóòótọ́. Ẹ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó fẹnu kàn án. Kò sí bí a ṣe lè yọ ata kúrò lára ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ínmọ́ín, torí inú ẹ̀wà lílọ̀ ni ata tirẹ̀ wà. Ìrẹsì funfun, dòdò, iṣu sísè àti ẹyin sísè ni ẹ lè gbójú lé. Ní ilé àmàlà, ewédú ni ẹ máa béèrè fún, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n bù ú sínú abọ́ ọ̀tọ̀, kí ó sì jẹ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bù, nítorí ìpọnbẹ̀ tó bá ti inú ọbẹ̀ ata bọ̀ sínú ewédú ti ba nǹkan jẹ́ fún ọmọ náà.

Amala Shitta ní Sùúrùlérè kò jìnnà sí Yábà. Ẹ lọ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Ẹ má retí àga gíga ti ọmọdé ní ilé àmàlà. Ọ̀já tí mo fi ń pọn ọmọ ni mo máa ń yí mọ́ ìbàdí rẹ̀, tí n ó sì so ó mọ́ ẹ̀yìn àga, kò sì tíì sí èyí tó já bọ́ rí. Ní búkà kan tí n kò ní dárúkọ, ẹni tó gbé oúnjẹ wá gbé àmàlà tó ń rú èéfín sí iwájú ọmọ mi gan-an, ọmọ sì ki gbogbo ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń dìde gba abọ́ náà kí ó tó kan tábìlì.

Bàbá Àbíkẹ́yìn

Fún Kẹ́hìndé tí kì í jókòó, Freedom Park ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó, ló yẹ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ nígbà kan, wọ́n sì ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́ ní ọdún 2010. Ògiri tí wọ́n fi há ẹlẹ́wọ̀n mọ́ ti wá di àǹfààní fún àwa tí a ní ọmọ wẹ́wẹ́, torí ọmọ lè sáré kiri kí ó má já sí títì. Àwọn olóúnjẹ wà nínú ọgbà náà, ìta gbangba ni ẹ ó sì jókòó sí, níbi tí ìrẹsì tó bá dà sílẹ̀ kò ti lè di ẹjọ́. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, torí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni orin àti ọtí máa ń gba ibẹ̀. Ẹ má sọ fún ìyá ọkọ yín o, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni pèpéle eré wà báyìí. Ìyá tèmi gbọ́ ọ, ó sì fi ẹran sílẹ̀ sínú àwo.

Ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè

Bàbá Àbíkẹ́yìn, ẹ kò mẹ́nu kan afárá. Third Mainland gùn tó kìlómítà 11.8, bí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá sì ká ènìyàn mọ́ àárín rẹ̀, kò sí ibi tí ọmọ lè tọ̀ sí àfi inú mọ́tò. Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá máa kọjá, ẹ kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà tí àwọn èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì padà kí aago mẹ́ta tó lù. Ìdí kan náà ni n kò fi ní ní kí ẹ lọ sí Lekki Conservation Centre nínú ọjọ́ mẹ́rin péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó ibẹ̀ dára, tí àwọn ọ̀bọ rẹ̀ kì í sì í tijú ẹni tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìlédìí kí ẹ tó jókòó, kì í ṣe lẹ́yìn tí oúnjẹ bá dé. Wọ́n ti fi orí páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò hàn mí rí, ní ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lọ́wọ́. Ẹní kékeré kan nínú báàgì yín á wúlò.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ò ní rí ìbànújẹ́ ọmọ. Shitta ni a ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà Ìkẹjà, a ó sì lọ sí Freedom Park ní ọjọ́ Àìkú, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ìtàn pèpéle náà létí ìyá wa. Ó ku ẹyọ kan: bí mo bá gbé ẹ̀kọ Táíwò dání láti ilé, ṣé wọn kò ní bínú?

Olóbẹ̀

Ní búkà, wọn kò ní bínú, wọ́n tilẹ̀ lè fún yín ní omi gbígbóná láti fi pò ó. Ní àwọn ilé oúnjẹ inú ilé ìtajà, ẹ kọ́kọ́ ra tiyín, kí ẹ tó tú ewé ẹ̀kọ.