Adé eyín àti orín: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ní ọdún tó kọjá, dókítà eyín kan yọ iṣan inú eyín mi kan nísàlẹ̀, ó sì fi adé bò ó, èyí tí gbogbo wa níbí mọ̀ sí couronne. Owó tí mo san kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo fi ń jẹun, n kì í sì í jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ dáadáa, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè yọ. Bàbá mi ní kí n máa fi orín ata fọ ọ́; ìyàwó mi ní orín yóò máa ha á. Kò dùn mí rárá, àmọ́ ẹran ìdí rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó sì ń rùn.

Ará Kétu
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Adé kì í jẹrà, ìbáà ṣe irin tàbí tánganran, ṣùgbọ́n eyín tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ eyín yín, ibi tí etí adé ti pàdé ẹran ìdí eyín sì ni ìdọ̀tí ti ń lẹ̀ mọ́ ọn títí tí kòkòrò yóò fi rọ́nà wọlé. Ẹ má fi àìdunni tàn ara yín jẹ: wọ́n ti yọ iṣan tí ì bá pariwo, nítorí náà eyín náà lè jẹ tán lábẹ́lẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ etí náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ìṣẹ́jú 2 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fi fọ́nrán ìfọyín gba àárín rẹ̀ àti eyín tó tẹ̀ lé e lálaalẹ́. Ní ti òórùn yẹn, ẹ jẹ́ kí dókítà ya àwòrán eyín náà.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́
Ọmọ mi, tèmi lo ọdún 9 kí kúlíkúlí tí mo fi mu gàrí tó yọ ọ́. Dípò kí n fi omi ṣàn án, kí n gbé e sínú ike lọ bá dókítà kíákíá, àtè tí ọmọ mi fi ń lẹ bàtà ni mo fi lẹ̀ ẹ́ padà (ẹ má bi mí léèrè ohun tó sún mi dé ibẹ̀). Ẹnu mi wú, adé náà kò sì wúlò mọ́. Òmíràn ni wọ́n tún ṣe. Àmọ́ n kò gbà pé kí o ju orín nù. Fi eyín ẹ̀gbẹ́ kejì rún orí rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì, kí o tó rọra fi í fọ etí adé. Rírún un lórí adé ló léwu, bíi fífọ́ egungun tàbí ṣíṣí ìgò.

Àbúrò Ará Kétu
Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ìyàwó yín bóyá ẹ máa ń payín keke lójú oorun, nítorí ó lè fọ́ adé tánganran. Dókítà lè ṣe ohun ìdáàbòbò kan tí ẹ ó máa fi sẹ́nu sùn.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé gan-an, ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò náà sì ṣeun. Mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà. Mo bi ìyàwó mi. Ó ní mo ń payín keke bí ẹni ń lọ ata, ó ti ń retí kí n béèrè láti ọjọ́ pípẹ́.