Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè tètè mọ àwọn ẹgbẹ́ indie àti folk tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú?

Etíígbọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Mo fẹ́ràn orin indie (ti àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ agbórinjáde ńlá) àti folk (orin tó fìdí múlẹ̀ nínú orin ìbílẹ̀), pàápàá èyí tí gìtá àti ohùn èèyàn bá wà níwájú, tí ariwo kò bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ kan, gbogbo ayé á ti mọ̀ ọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn á ti tán, gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n á sì ti máa ṣeré. Áàpù tí mo fi ń gbọ́ orin kò ràn mí lọ́wọ́ rárá: ohun tó bá jọ èyí tí mo gbọ́ lánàá ló ń gbé wá fún mi lónìí.

Ohun tó ń wù mí ni kí n mọ ẹgbẹ́ kan láti ìgbà tí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ń wò wọ́n, kí n sì máa bá wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò fẹ́ kó jẹ́ àwo orin ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́. Eré ojúkojú ni mo fẹ́, àti àwọn session, ìyẹn eré kúkúrú tí ẹgbẹ́ ń ṣe ní sítúdíò tàbí yàrá kan, tí wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹgbẹ́ tó ní nǹkan nínú?

BàbáRédíò

O káre láé, ọmọ mi. Ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi nínú.

Inú rédíò ni àwọn session yìí ti gbilẹ̀. John Peel, olóòtú ètò orin, wà lórí BBC Radio 1 láti 1967 títí ó fi kú ní 2004, àwọn ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ wọn rí ló sì máa ń pè wá. Session tí ètò rẹ̀ gbà sílẹ̀ lé ní 4,000. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kí o fọkàn sí. Ẹgbẹ́ á dé sítúdíò, lọ́pọ̀ ìgbà ní Maida Vale ní London, wọ́n á gba orin bíi mẹ́rin sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì parí lọ́jọ́ kan náà. Àyè kò sí láti máa fọ orin ní àfọ̀túnfọ̀ bí aṣọ. Bí ẹgbẹ́ náà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn gan-an ló wọ inú téèpù. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbàgbọ́ pé session máa ń sọ òótọ́ ju àwo orin lọ.

Lóde òní, KEXP, iléeṣẹ́ rédíò kan ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ló sún mọ́ irú iṣẹ́ yẹn jù lójú mi. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ ta orin mélòó kan tẹ̀ léra, wọ́n á sì bá wọn sọ̀rọ̀ láàárín. Má ṣe gé e kúrò níbi ọ̀rọ̀ yẹn o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò eré, orúkọ wọ̀nyẹn ni kí o kọ sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi kò ju ọ̀kan lọ: má kọ́kọ́ wá ẹgbẹ́ kiri. Ẹni tó ń yan orin ni kí o wá. Tí o bá rí olóòtú rédíò kan tí etí rẹ̀ bá tìrẹ mu, jókòó tì í. Ó ti gbọ́ ọgọ́rùn-ún kó tó mú ọ̀kan wá fún ọ.

Àdùkẹ́Olórin

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fara mọ́ ọn, mo kàn fẹ́ fi kún un ni.

Etíígbọ́, tí o kò bá tíì wo àwọn fídíò La Blogothèque ti ilẹ̀ Faransé, tètè lọ wò wọ́n. Ní 2006 ni Vincent Moon, ayafídíò wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé àwọn olórin káàkiri ìgboro Paris, lórí àtẹ̀gùn, lójú títì, nínú ilé ọtí. Ní 2007, ẹgbẹ́ Arcade Fire há ara wọn mọ́ inú ẹ̀rọ agbéniròkè ní gbọ̀ngàn Olympia. Ọ̀kan nínú wọn ń fa ojú ìwé ìròyìn ya, ó sì fi ìró ìwé yíya yẹn ṣe ìlù orin. Ọdún wo ni mo ti ń wò ó, kò tíì sú mi.

Nísinsìnyí, ọ̀nà tí mo ń gbà mọ ẹgbẹ́ tó ní nǹkan nínú nìyí. Mo máa ń mú orin kan ṣoṣo, màá wá a rí níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ti kọ ọ́ lójúkojú, èyí tó pẹ́ jù ni màá kọ́kọ́ wò. Ẹgbẹ́ kan wà, èèyàn mẹ́ta: onígìtá, onífayolín, àti obìnrin kan tó ń kọrin. Fídíò àkọ́kọ́ tí mo rí, inú yàrá ìdáná ni, fóònù ni wọ́n fi gbà á. Ní gbogbo ìgbà tí ègbè bá ti ń bọ̀, obìnrin yẹn á wo ẹsẹ̀ onífayolín, torí bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń lu ilẹ̀ ló fi ń mọ ìgbà tóun máa wọlé. Lọ́dún kejì, wọ́n ṣe session ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan. Orin kan náà ni, àmọ́ kò wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó di ojú, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé ègbè, ìdákẹ́jẹ́ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wá rí wọn fúnra mi, tí wọ́n dé ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn, gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá ló dákẹ́ pẹ̀lú wọn. Ẹnì kan tó fẹ́ gbé ife sílẹ̀ lórí tábìlì dì í mú lófuurufú. Omijé bọ́ lójú mi.

Ẹgbẹ́ tí orin rẹ̀ bá ń yí padà báyẹn láti ibì kan sí ibòmíràn, ó ń dàgbà nìyẹn. Tí ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti ti òní bá rí bákan náà, mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Ìró

Ìró ni mo ń tò fún àwọn olórin, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, nítorí náà ibi tí ìró wà ni mo máa bá yín sọ̀rọ̀ dé.

Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba Tiny Desk, eré kékeré tí NPR, iléeṣẹ́ rédíò kan ní Amẹ́ríkà, máa ń gbà sílẹ̀ nídìí tábìlì ọ́fíìsì. Ní 2008, Bob Boilen àti Stephen Thompson, òṣìṣẹ́ NPR, lọ wo olórin folk kan, Laura Gibson, ní àjọ̀dún SXSW ní Austin. Ariwo àwọn èrò pọ̀ débi pé wọn kò gbọ́ ohun tó ń kọ. Thompson fi ṣàwàdà pé kó kúkú wá kọ ọ́ nídìí tábìlì Boilen ní ọ́fíìsì. Kò pẹ́ tó fi wá lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn olórin kì í gba inú spíkà jáde sínú yàrá yẹn. Máíkì tó wà níwájú rẹ̀, kámẹ́rà ló wà fún. Onílù gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọra lu ìlù, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, akọrin kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń wo ojú ara wọn. Ẹgbẹ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn, àṣírí wọn á tú níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ má bínú, n kò gbà pé session ló máa ń sọ gbogbo òótọ́. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó dùn bí oyin nínú yàrá kékeré, tí wọ́n bọ́ sí orí ìtàgé níwájú ẹgbẹ̀ta èèyàn, tí wọ́n sì dà bí ọmọ tó ṣìnà lọ́jà. Mo sì ti rí èyí tí fídíò rẹ̀ kò wú mi lórí, tí okùn gìtá wọn já láàárín orin, tí ẹni yẹn sì ń fi okùn márùn-ún tó kù ta á lọ títí dé òpin, àwọn yòókù sì gbé ohùn sókè kí wọ́n lè dí àlàfo yẹn. Irú ìyẹn, ẹni tó bá wà níbẹ̀ nìkan ló ń rí i.

BàbáRédíò

Òótọ́ lo sọ, Alágbẹ̀dẹ. Ọ̀rọ̀ okùn márùn-ún yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbà.

Ẹ̀yìnÌtàgé

Nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fọkàn sí: ìdíje Tiny Desk. Àwọn olórin tí kò tíì bá iléeṣẹ́ agbórinjáde kankan tọwọ́ bọ̀wé ló wà fún. Orin tí wọ́n fúnra wọn kọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ, tábìlì sì gbọ́dọ̀ wà nínú fídíò náà, irú tábìlì yòówù kó jẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń gbé fídíò rẹ̀ sí YouTube, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n lọ́dọọdún.

Olúborí nìkan làwọn èèyàn máa ń wò. Lóòótọ́, mo dúpẹ́ pé mo rí Gaelynn Lea tó borí ní 2016. Ó máa ń gbé fayolín dúró bíi cello (ohun èlò tó jọ fayolín ńlá tí wọ́n ń gbé dúró sílẹ̀ ta), á fi ẹ̀rọ ẹsẹ̀ gba ìró rẹ̀ sílẹ̀, á jẹ́ kó máa yí po, á wá máa kọrin lé e lórí. Àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí kò borí ni ìkórè rẹ wà. Máa wo èyí tí iye òǹwòran rẹ̀ kò tíì pé igba, ogún fídíò lálẹ́ ọjọ́ kan. Lára ogún, méjìdínlógún lè má wọ̀ ọ́ lára. Méjì tó kù yẹn, o ti ṣáájú gbogbo ayé mọ̀ wọ́n.

Etíígbọ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ti folk gan-an ńkọ́? Ó jọ pé àwọn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé fídíò síta, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbà wọlé sáàárín wọn.

ÌyáOnífayolín

Ọmọ mi, àwọn èèyàn folk ń bẹ, àárín ara wọn ni wọ́n wà. Tí o bá rí ilẹ̀kùn kan, gbogbo ilé ti ṣí sílẹ̀ fún ọ.

Ní àkọ́kọ́, pósítà àjọ̀dún orin: láti ìsàlẹ̀ ni kí o ti máa kà á. Àwọn orúkọ gàdàgbà òkè, o ti mọ̀ wọ́n. Àwọn tí wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-rín kọ sí ìlà tó kẹ́yìn ni kí o máa gbọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí àjọ̀dún tó dé. Newport ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, Cambridge ní England, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, Green Man ní Wales, gbogbo wọn ló ní irú ìlà yẹn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ kì í tilẹ̀ sí lórí pósítà. Ní Newport àkọ́kọ́ yẹn, olórin kan, Bob Gibson, ló pe ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìdínlógún kan gòkè wá bá a kọrin. Joan Baez ni, ẹni tó wá di ìlúmọ̀ọ́ká olórin folk. Àwọn tó ti lọ jẹun nígbà yẹn pàdánù rẹ̀.

Èkejì, olórin ni kí o tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹgbẹ́ nìkan. Nínú folk, onífayolín kan lè wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lára ní ẹ̀gbẹ́ kan orí ìtàgé, béèrè ibi tó tún ti ń ta. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe bá ẹgbẹ́ mẹ́ta pàdé lọ́dún kan ṣoṣo, ọwọ́ obìnrin kan náà ni wọ́n ti wá.

Ẹ̀kẹta, tètè dé. Àwọn tó ń ṣíde eré ni kí o wá wò. Inú mi bàjẹ́ gan-an níbì kan lọ́dún tó kọjá: tọkọtaya kan ń kọrin láìlo máíkì, àwọn èrò tó ń dúró de ẹgbẹ́ ńlá sì ń sọ̀rọ̀ bo wọ́n mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èèyàn bíi mẹ́wàá la sún mọ́ iwájú títí tí orókùn wa fi kan ìtàgé. Ọkùnrin yẹn yí gìtá rẹ̀ sọ́dọ̀ wa, àwa mẹ́wàá sì ni wọ́n kọ ìyókù fún.

Ẹ̀yìnÌtàgé

Sofar Sounds, àwọn tó ń ṣètò eré kéékèèké, náà wà fún irú ìyẹn, Ìyá. London ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009, inú pálọ̀ àwọn èèyàn. Ìwọ kò ní mọ ẹni tó fẹ́ kọrin títí wàá fi débẹ̀, gbogbo èèyàn á sì jókòó jẹ́ẹ́.

Àjọkẹ́_Alákòójọ

Ẹ kò tíì sọ bí èèyàn ṣe ń bá wọn lọ lẹ́yìn tó bá ti rí wọn, torí rírí lásán kò tó.

Fi orúkọ sínú ìwé ìfilọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ímeèlì. Ẹgbẹ́ kékeré máa ń kọ ọ́ fúnra wọn, ibẹ̀ lo ti máa kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ nítòsí. Áàpù Songkick àti Bandsintown á máa ta ọ́ lólobó tí wọ́n bá gbé ọjọ́ eré síta. Tí o bá fẹ́ ra orin wọn, rà á ní Bandcamp, ìkànnì tí àwọn olórin ti ń ta orin fúnra wọn: ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lórí orin tí a gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olórin ló ni èyí tó pọ̀ jù. Láti oṣù kẹta 2020 sì ni wọ́n ti ní àwọn ọjọ́ Ẹtì kan tí wọn kì í yọ nǹkan kan fún ara wọn. Mo máa ń kó orin tó wù mí jọ de ọjọ́ yẹn.

Lálẹ́ eré, lọ síbi tábìlì tí wọ́n ń pàtẹ sí. Ra nǹkan kan, kí o sì sọ orúkọ orin tó wọ̀ ọ́ lára gan-an. Onígìtá kan sọ fún mi pé orin tí mo dárúkọ yẹn, àwọn ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, òun ni wọ́n fi ṣí eré.

Etíígbọ́

Ẹ kú àtẹnumọ́, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Mo wo fídíò ìdíje yẹn, ogún-ogún lálẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Lálẹ́ kẹrin ni mo rí ẹgbẹ́ kan, àwọn ọmọ ìyá méjì, gìtá kan àti ìlù kékeré kan. Èèyàn mọ́kànléláàádọ́ta ló ti wò ó. Àbúrò gbàgbé ọ̀rọ̀ orin ní ẹsẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì sún mọ́ ọn, ó rọra sọ ọ́ sí i létí, wọn kò sì dá orin dúró. Mo ti wá orin yẹn rí níbòmíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ti forúkọ sílẹ̀ sínú ìfilọ̀ wọn, wọ́n sì ti fèsì: wọ́n fẹ́ ṣíde eré fún ẹgbẹ́ kan ní oṣù tó ń bọ̀, níbi tí mo lè dé. Agogo méje ni ilẹ̀kùn máa ṣí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni èmi máa wà níbẹ̀.